Ohun Tí Wọ́n Sọ fún Ekùrọ́

Aago mẹ́ta òru ní Klaksvík.
Afẹ́fẹ́ òkun ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn páànù,
ẹgbẹ̀rún sámọ́ọ̀nù wà nínú yìnyín, ẹnu wọn là sílẹ̀,
kọ̀ǹpútà tó ń wọn ẹja kò sì jí.

Ó tàn ná. Ó kọ orúkọ ẹni tó ṣe é,
ó ka nǹkan méjì mẹ́ta wúyẹ́wúyẹ́,
ojú rẹ̀ wá ṣú dùdù
bí ẹni tó ní òun ń bọ̀, tó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

"Ọkọ̀ ojú omi á ṣí ní aago márùn-ún," ni Høgni wí,
ó sì tún un wí, bí ẹni pé Rannvá kò ní aago.
Rannvá kò dá a lóhùn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan,
ó fi ìkejì sọ́wọ́ nítorí òtútù,
ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn, ó sì tètè tẹ bọ́tìnì
kí adènà tó sáré kọjá.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa adènà yìí.
Òun ló ń kọ́kọ́ jí nínú ilé náà.
Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó lọ jí ekùrọ́ lójú oorun,
kó sọ gbólóhùn kan sí i létí:
ibí ni gbòǹgbò rẹ wà, má pariwo, ojú tí o ó fi ríran rèé.
Ekùrọ́ ni wọ́n ń pè é lóòótọ́;
bóyá ó ní ẹ̀wà tí yóò bá a kú, èmi ò mọ̀.
Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń gbà gbọ́,
kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ìlà gígùn kan yọ. Ó rìn dé ìdí rẹ̀,
ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un,
nomodeset, lẹ́tà mẹ́sàn-án tó lẹ̀ mọ́ra:
má fọwọ́ kan ojú náà, fi í sílẹ̀ bí o ṣe bá a.

Ojú là! Òṣùwọ̀n kọ òdo. Høgni pàtẹ́wọ́.
Ẹja mẹ́rìnlá kọjá,
iná mànàmáná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré,
ó tún di òkùnkùn.

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà náà ló ń kú sí.
Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀la gbọ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣí fáìlì, ó fi ọ̀rọ̀ náà síbi tó yẹ,
ó pàṣẹ kí wọ́n da ìwé tuntun kọ fún adènà,
ẹ̀rọ ní òun ti parí.
Ó tún un tàn.
Òkùnkùn.

Ìgbà yìí ló jókòó sórí àpótí ẹja.
Ó tún fẹnu sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ekùrọ́ jí,
ó wá bi í léèrè ohun tí kò tíì bi í láti òru:
kí ni wọ́n sọ fún ọ gan-an?
Ekùrọ́ kà á fún un láìfi kan pamọ́,
ọ̀rọ̀ méjì sì wà níbẹ̀ tí kò sí nínú fáìlì rẹ̀.

Ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀.

Dísìkì àtijọ́ ni, lábẹ́ eruku àti ìpẹ́ ẹja,
adènà rẹ̀ kò kúrò lójú iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá.
Rannvá ṣí ìwé rẹ̀. Tórálvur ló kọ ọ́,
Tórálvur tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń sin àgùntàn ní Viðareiði:
"Má pa ìlà yìí rẹ́. Mo mọ ìdí rẹ̀."
Kò kọ ìdí náà.

Kò pa á rẹ́. Ó ní kí dísìkì tuntun bọ́ síwájú,
ó fi pẹ́ńsù da ìlà bàbá náà kọ sára páálí
láti bi í lọ́jọ́ Àìkú, bí etí rẹ̀ bá ṣì ń gbọ́.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ó kọ:
nítorí káàdì àwòrán tuntun, oṣù kejì. Rannvá.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì.
"Kí ló ṣe é?" ni Høgni bi í.
"Kò ṣe nǹkan kan," ló ní. "Èmi ni mò ń bá ẹni
tí kì í ṣe adènà rẹ̀ jà."
Ó wá ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kejì. Ẹja kẹẹ̀ẹ́dógún ti wà lórí rẹ̀.