Tannápowó ní Ìṣarà

Òwúrọ̀ ni mo débẹ̀, pẹ́ńsù mẹ́ta lápò,
bébà funfun tí mo fi ọ̀rá wé nítorí ìrì.
Ọ̀gá mi ní Àgọ́-Ìwòyè ti ka iṣẹ́ náà sí mi létí:
ya gbòǹgbò, ya ewé, ya òdòdó, ya èso,
ka gbogbo rẹ̀, má fi kún un, má yọ níbẹ̀.
Àmọ́ òdòdó ti panu dé,
ó ká bí agbòòrùn lẹ́yìn òjò,
ó rọ̀, ó wé mọ́ra, ó ń wolẹ̀.

Ìyá Sùwébátù ń bó obì lẹ́yìnkùlé,
ó ń sọ ọ́ sínú agbọ̀n, kò tilẹ̀ gbójú sókè.
"Ẹni tó bá lọ kí ọlọ́dẹ láàárọ̀," ló wí,
"ìhanrun ni yóò dá a lóhùn."
Ó ní kí n jókòó. Ó fún mi ní gàárì àti omi tútù.

Mo bẹ̀rẹ̀ lára ewé, ewé kì í sá fún oòrùn.
Méjì méjì ni wọ́n kọjú síra,
bí tọkọtaya tó ń jà láìsọ̀rọ̀.
Oríkèé igi rẹ̀ wú bí orúnkún àgbà.
Èso rẹ̀ dúdú, ó hunjọ, bíi hóró ìyèré;
mo fi èékánná la ọ̀kan, ìyẹ̀fun funfun yọ,
mo sì rántí Kúdíràtù ẹ̀gbọ́n mi
bó ṣe máa ń fi í kun ojú tá a bá ń ṣeré ìyàwó,
táá ní, "Má pa mí lẹ́rìn-ín, àtíkè mi á ya."

Gbòǹgbò ló dìjà.
Mo mú ọkọ́, ìyá dìde.
"Ìyá ọkọ mi ló gbìn ín, ọdún tí mo wọlé.
Ọ̀gbẹlẹ̀ ti pa á kanlẹ̀ títí mi ò lè kà á mọ́;
òjò àkọ́rọ̀ á dé, á tún yọrí
bí ẹni tó kàn lọ sọ́jà tó bọ̀.
Wa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, wò ó, kó o bò ó padà,
bí èèyàn ṣe ń ṣí aṣọ wo ọmọ tó sùn."
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wò ó: dúdú, ó sanra,
ó dùbúlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ pupa
bí iṣu tí olóko gbàgbé.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán ni ẹnu òdòdó kan mì.
Mi ò rí ìgbà tó là.
Mo bojú wo pẹ́ńsù, mo gbójú sókè, ó ti là.
Àlùkò, funfun, àwọ̀ ìyeyè, lórí igi kan ṣoṣo;
òórùn rẹ̀ gba ojúde lọ dé ìdí kànga.
Okùn tín-ín-rín márùn-ún yọ lẹ́nu rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Bó ti ń tan iná tirẹ̀ ni iná tèmi ń kú:
oòrùn wọ̀, wọ́n sì mú iná ẹlẹ́ńtíríkì lọ.

Ìyá gbé àtùpà wá, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
òjìji òdòdó náà ń gbọ̀n lórí bébà mi.
"Tannápowó," ó ní. "Ó ti ń tan iná fún ogójì ọdún,
owó ò tí ì gbọ́. Bóyá etí owó ló di."
A rẹ́rìn-ín. Àfòpiná kan já bọ́ sórí bébà,
ó fi ìyẹ́ fa ìlà eérú kan kọjá lára ewé.
Ọ̀gá á ní kí n pa á rẹ́.
Rọ́bà wà lápò mi. Mi ò fà á yọ.

Nígbà tí mo parí, ó gba bébà, ó nà án jìnnà sójú,
ìka tí oje obì ti pa láwọ̀ dà
ń tọ ẹnu òdòdó náà, kò kàn án.
"Ó jọ ọ́," ó ní. Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Tílẹ̀ bá mọ́, ṣé eléyìí náà á padé?"

Mo ní mi ò mọ̀.
Ìwé ti jáde láti ọjọ́ yìí, ó wà lórí àga mi.
Mi ò tí ì ṣí i láàárọ̀ rí.