Ọwọ́ Tí Wọ́n Ní Kó Nà

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí jáde ní kíláàsì,
pé kí n wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi ní ọ́fíìsì ọ̀gá.
Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n ni, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, lẹ́yìn àwọn igi kajú,
níbi tí erùpẹ̀ pupa ti máa ń wọ̀ wá ní ìbọ̀sẹ̀.

Ẹ̀sùn náà ò gùn:
gíláàsì fèrèsé fọ́, Tíṣà Adégbénró kígbe "Dúró!"
Gbogbo wọn dúró.
Ládépò nìkan ló ń lọ, tòun ti garawa omi lórí,
kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.
"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é," ni tíṣà wí,
bí ẹni pé iye ìgbà téèyàn pe adití
ni yóò la etí fún un.

Ràìmí ti ro ẹjọ́ tirẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ.
Bánjọ fi ìyá rẹ̀ búra; wọ́n gbà á gbọ́.
Ó wá kan ẹ̀gbọ́n mi.
Ó gbé ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀:
omi, kànga, ẹ̀yìn mi ni, n kò rí...
Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu mi lọ.
Mo ṣì ń wá bí n ó ṣe pe àmì kan
táwa méjèèjì dá sílẹ̀ nílé,
ó jọ ẹni tó ń fa okùn,
nígbà tí ọ̀gá ní, "Ó tó. Sọ fún un kó na ọwọ́."

Ọwọ́ wo?
Èyí tó fi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́?

Bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú,
ọ̀gá yìí kan náà ló kọ ọ́ sójú pátákó fún wa:
Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.
A dà á kọ, a fi rúlà fàlà sí i nídìí.

Mo na ọwọ́ tèmi láti fi hàn án.
Ó rò pé mo fẹ́ ká bọ ara wa lọ́wọ́ ni;
ó rẹ́rìn-ín, ó na tirẹ̀.

Pàṣán mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì.
Èmi ni mo fi ìka kà á,
torí wọ́n ní kó lè mọ iye tó kù.

Ẹ má sọ fún mi pé ẹgba kan náà ni wọ́n fi ń na gbogbo wa.
Bí wọ́n bá na Ràìmí lọ́wọ́,
ẹnu Ràìmí ṣì wà, tí yóò fi bú wọn lẹ́yìn ọgbà.
Ẹnu ni wọ́n nà ní ti Ládépò.
Ó wú. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi yadi.
Kò yadi rí tẹ́lẹ̀.

Ìyá wa fi omi gbígbóná jó o, ó fi òrí pa á.
Kò bi mí léèrè ohun tí mo sọ lọ́hùn-ún.

Lálẹ́, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó yíjú sí ìkòkò omi,
ó gbé ìpéǹpéjú sókè lẹ́ẹ̀mejì.
Mo gbọ́. Mo bu omi, mo gbé ife sí i lẹ́nu.

Garawa wa ṣì wà ní yàrá àwọn olùkọ́.
Àwọn ló rán an ní omi náà.
Wọ́n ti fi ṣan ọwọ́.