Odò Àlà Gba Orí Títì

Máàpù mẹ́ta ló wà níwájú mi,
kò sí méjì nínú wọn tó gbọ́ ara wọn yé.
Àkọ́kọ́, bébà ni, ó ti pọ́n bí eyín àgbà tó ń jẹ obì;
àwọn awọnlẹ̀ ayé òyìnbó ló fà á,
ẹsẹ̀ bàtà àti máìlì ni wọ́n fi ṣírò.
Èkejì, sátẹ́láìtì ló yà á lọ́dún tí wọ́n bí mi:
onígun mẹ́rin kan, ọgbọ̀n mítà lóròó, ọgbọ̀n níbùú,
ilé mẹ́fà lè sùn sínú rẹ̀
kó máa pe gbogbo wọn ní nǹkan kan.
Ẹ̀kẹta dé lọ́dún tó kọjá. Ojú rẹ̀ mú.
Díẹ̀ ló kù kó ka aṣọ tí aládùúgbò mi sá sórí okùn.

Mo gbé ọ̀kan lé ọ̀kan.
Odò Àlà bá fi ojú ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀,
ó gba orí títì Ọ̀dà,
ṣọ́ọ̀ṣì kan sì bọ́ sómi tòun ti aago rẹ̀.
Ọmọ́tádé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"O ti ri gbogbo ìjọ bọmi, o ò bi wọ́n!"

Kí ni kì í yẹsẹ̀ láyé yìí?
Ohun tí à ń wá nìyẹn, ká fi kan máàpù mọ́lẹ̀ bí ìṣó.
Ìkóríta Alágbàka? Wọ́n ti fẹ̀ ẹ́.
Ìrókò kan ní Ọ̀bà-Ilé? Ó ti di pákó, pákó ti di ibùsùn.
Afárá àtijọ́: òkè rẹ̀ tuntun, ọwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ ti ìgbà yẹn.
Ọwọ̀n náà la mú.
A mú àpáta mẹ́ta lọ́nà Ìdànrè mọ́ ọn,
a fa bébà, a yí i, a nà án bí awọ tútù,
títí odò fi padà sílé,
tí ṣọ́ọ̀ṣì gòkè, tó ń gbọn omi nù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọ̀.
Lójú sátẹ́láìtì, kòkó àti igbó, ọmọ ìyá ni wọ́n;
ewé ni ewé ń jẹ́ fún ẹni tó wà lójú ọ̀run.
Mo gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀nà Àpọnmù,
mo dúró síbi tí máàpù pè ní igbó kìjikìji.
Bàbá Akínsúyì jókòó síbẹ̀, ó ń fọ́ kòkó.
"Igbó kẹ̀? Igbó ti kúrò níbí kí n tó gbéyàwó.
Ṣùgbọ́n lábẹ́ kòkó mi, kókò wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà,
ìrókò méjì wà tí mi ò fọwọ́ kàn.
Ilé mi nìyí. Àgbàlá nìyẹn.
Èwo lẹ fẹ́ kọ níbẹ̀?"
Ìwé mi ní ojú mẹ́ta péré: igbó, oko, ilé.
Mo la ẹnu, mo pa á dé.

Àmì kékeré ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí:
ẹ nu àmì abẹ́ ilẹ̀ kúrò, ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè,
ilẹ̀ ti di ilé.
Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́nà Ọ̀dà. Lónìí òkìtì yanrìn,
lọ́la búlọ́ọ̀kù,
kí òjò mìíràn tó dá, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri:
Ilé yìí kì í ṣe títà.

Kọ̀ǹpútà ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ewé ló lọ.
A yọ ibi tí kùrukùru bò, ó di mẹ́ta àti díẹ̀.
Ọ̀gá wa ń fẹ́ iye kan, iye tí ẹnu lè gbé.
N kò tíì sọ fún un
pé mo wá oko bàbá mi nínú àwòrán ọdún ìbí mi,
mo sì rí i: onígun mẹ́rin méjìlá, ewé dúdú.
Lórí tuntun, páànù pupa ni.
Mẹ́jọ lọ sówó yunifásítì mi.
Mẹ́ta lọ síṣẹ́ abẹ ìyá mi.
Ọ̀kan ṣẹ́ kù tí n kò mọ ohun tó tà á fún,
bàbá ò sì sí mọ́ tí ǹ bá bi í.
Mo fi í sílẹ̀ láìkùn.
Ọmọ́tádé bẹjú wò ó: "Ihò wà nínú máàpù rẹ."
Mo ní mo mọ̀.