Ta Ni Yóò Gbé Nọ́ọ̀tì Wá?

Kò sí òkun ní Àbújá.
Àpáta Súmà ló jókòó lójú ọ̀nà
bí àgbà tí a kọjá tí a ò kí,
àti ọyẹ́ tó ń fá ètè ẹni bí abẹ.
Síbẹ̀ ibí ni wọ́n ti wá jíròrò afẹ́fẹ́ òkun:
orílẹ̀-èdè mẹ́fà, tábìlì kan,
àwòrán òpó funfun tó dúró nínú omi
bí lékeléke tó ń ṣọ́ ẹja.

Èmi ni mo ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀.
Ọmọ Igbókọ̀dá ni mí. Mo mọ afẹ́fẹ́ yẹn
kó tó gba ìwé ìrìnnà.
Òun ló ya ìgbòkun bàbá mi lọ́jọ́ Sátidé kan,
òun náà ló gbá a padà sí èbúté lọ́jọ́ Àìkú.
Ẹnikẹ́ni ò bi mí. Mo ń kọ.
"Mẹgawáàtì." Mo kọ ọ́.
"Àjọṣepọ̀." Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrìnlá.

Ìgbà náà ni Lawàlì dìde, ará Jíbíyà,
ẹni tó ń gun òpó afẹ́fẹ́ lápá Kàtísínà.
Ó yọ nọ́ọ̀tì kan tó tó ìkúùkù ọmọdé,
ó gbé e sórí tábìlì. Ó ró kó.
"Èyí sán lóṣù ààwẹ̀.
Oṣù mọ́kànlá la fi dúró de ìkejì rẹ̀.
Orí ilẹ̀ nìyẹn o, níbi tí ràkúnmí ń gbà kọjá.
Tó bá sán láàárín òkun,
ta ni yóò gbé e wá?"

Alága wúkọ́.
Inga, ará Dẹ́ńmáàkì, mú nọ́ọ̀tì náà,
ó fi àtàǹpàkò wọn ihò rẹ̀,
ó yà á sórí ìwé, pẹ̀lú òǹkà.
Ará Sẹ̀nẹ̀gà ní àwọn lè rọ ọ́ ní Dàkáà.
Ará Bùràsíìlì ní irú irin wo? Iyọ̀ yóò jẹ ẹ́!
Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn,
iyàn gidi, tó dùn ún gbọ́.

Iná lọ. A ṣí fèrèsé.
Ọyẹ́ wọlé láìkí ẹnikẹ́ni,
ó gbé ìwé náà bí ẹni gbé ọmọ,
ọwọ́ mẹ́fà sì sáré tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀:
ọwọ́ olórùka, ọwọ́ tí tàdáwà ti bà,
ọ̀kan tí irin ti sọ èékánná rẹ̀ di dúdú.

Alága ní kí n má kọ ìyẹn sílẹ̀,
pé kò sí nínú ètò ọjọ́.
Mo ní ó dáa, sà.

Mo kọ ọ́.