Káàdì Àjọ

Fọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì ni mo gbà.
Ẹ̀kọ́ ẹranko igbó ni wọ́n fún mi.
Ìyá mi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀:
"Ṣé ọdẹ lo wá fẹ́ dà, Oyèbọ́lá?
Ọdẹ tí ò níbọn?"
N ò fèsì. Mo di báàgì mi, mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Tákìé.

Ọdún mẹ́rin. Mo mọ orúkọ egungun eku,
mo mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìgbẹ́ ẹtu nínú igbó Ìgbòho,
síbẹ̀, bí wọ́n bá bi mí níbi ìkómọ pé kí ni mò ń ṣe,
màá ní tíṣà ni mí.

Oṣù kẹta, ọdún tí mo fẹ́ pa á tì,
oòrùn mú Màsífà bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò lójú ẹni.
Lọ́sàn-án gangan, àdán ń já bọ́
láti orí mángòrò ẹ̀yìnkùlé wa,
pọ̀, pọ̀, bí èso tí kò dúró pọ́n.
Àwọn ọmọdé gbé agbọ̀n dé: ẹran ọbẹ̀ láìyìnbọn.
Mo bẹ̀ wọ́n, "Ẹ jẹ́ n wọ̀n wọ́n ná."
Ọ̀kan nínú wọn wò mí tìyanu-tìyanu:
"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ tà wọ́n ní kílò ni?"

Ọ̀kan ṣì ń mí.
Apá rẹ̀ tẹ́ sórí ìbọ̀wọ́ mi bí agbòjò tó ya.
Wọ́n ní àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ.
Lọ́jọ́ náà èmi ni mo tẹrí ba, tí mò ń wòṣe àdán.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ooru, méjìlélógójì.
Aago méjì kù díẹ̀.
Òkú, mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Mo pa á rẹ́,
mo kọ ọgọ́rin.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adépàté kì í yin èèyàn.
Ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo "bóyá" mi.
"Ọdún kan kì í ṣe ẹ̀rí. Lọ kà á sí i."
Mo ń kà á. Aago márùn-ún ìdájí, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu,
ẹ̀fọn ń ka èmi náà.

Ìyá mi ò tíì sọ pé òun gbà.
Ṣùgbọ́n lánàá mo ń wá ṣéńjì nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀,
mo rí káàdì àjọ rẹ̀, mo yí i sẹ́yìn.
Pẹ́ńsù, wínníwínní:
*Mángòrò tanná, ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá. Ó yá jù.
Òjò, kò sí.
Àdán dé lẹ́yìn àdúrà alẹ́.
Mo kà á dé ọgọ́rùn-ún, oorun gbé mi lọ.*