Abala Kọkàndínlógún

Lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìn sẹkitéríàtì, ní Ẹ̀pẹ́,
ni mo gbé tábìlì mi kalẹ̀ sí.
Ẹni tí kò mọ̀wé, èmi ni ọwọ́ rẹ̀:
igba náírà, fọ́ọ̀mù kan.
Arúgbó, ọ̀fẹ́.

Láti ìgbà tí òfin tuntun ti jáde,
òfin ìtura fún ẹni tó fojú winá agbésùnmọ̀mí,
àwọn ará etí ọ̀sà ló kún iwájú mi.
Mi ò ní pe òfin náà ní òfìfo.
Òun ló ra ẹsẹ̀ tí Jìnádù fi ń rìn báyìí,
ẹsẹ̀ onírọ́bà, tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Òun ló san owó ilé ìwé àwọn ọmọ Ayọ̀ká.
Owó náà pẹ́. Ṣùgbọ́n ó dé.

Ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀,
Ṣìfáwù wá.
Àpò ọ̀rá ló gbé dání:
káàdì ìdìbò ọkọ rẹ̀, fọ́tò kan tí omi ti jẹ létí,
abẹ́rẹ́ tó fi ń hun àwọ̀n,
òwú ṣì wà lójú rẹ̀.

"Orúkọ ẹni tó kú?"
Ó dákẹ́.
Mo tún un bi.
"Rájí ni wọ́n ń pè é," ó ní.
"Mi ò sọ pé ó kú."

Òru ni wọ́n wá, ọkọ̀ ojú omi méjì.
Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì lókèèrè, wọ́n ń fi àjẹ̀ wọlé bíi tiwa.
Rájí rò pé àwọn apẹja Ẹ̀jìnrìn ni,
ó dìde lọ pàdé wọn.
"Ẹ kú iṣẹ́ o" ló ṣì wà lẹ́nu rẹ̀
tí ìbọn àkọ́kọ́ fi dún.
Ọkùnrin mẹ́fà ni wọ́n kó lọ.
Jìnádù bọ́, ó fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ fún wọn.
Mẹ́rin, ọ̀sà dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ó ku Rájí.

Ọdún mẹ́ta rèé. Ṣìfáwù kò ṣe opó.
Ó ń bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀ títí di ọdún kejì;
lọ́dún kẹta, owó ẹja kò gbà á mọ́.
Àbíkẹ́yìn wọn, tó bá ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì lójú omi,
a tọ̀ sára.
Mo wá àyè ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù.
Kò sí.

Mo là á yé e: ẹni tí a kò rí fún ọdún méjì,
kí aya rẹ̀ búra pé kò sí mọ́,
kó tẹ̀ka, owó á jáde.
Mo ṣí páàdì íńkì.
Ó ń wo àtàǹpàkò ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọ̀bẹ.
"Bó bá wá dé ńkọ́?
Bó bá dé lọ́la, tó bá a pé mo ti jẹ owó ikú òun?"

Ogún ọdún tí mo ti ń kọ fọ́ọ̀mù,
ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.
Mo gbé ìwé òfin, mo fi itọ́ pa ìka, mo ń ṣí i.
Òòrùn ń lọ, àwọn tó wà lórí ìlà ń kùn.
Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí èèrà,
Abala Kọkàndínlógún:
*Bí ẹni náà bá padà wá láàyè,
ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba owó yìí lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀,
a kò sì ní ka ìbúra wọn sí èké.*

Ó ní kí n tún un kà.
Mo tún un kà, ohùn mi sì ṣe mí bákan.
Nínú gbogbo àwọn tó jókòó ṣe òfin yìí
lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù,
ẹnì kan gbé kálàmù rẹ̀ dúró díẹ̀,
ó wo ẹnu ọ̀nà.

Ṣìfáwù tẹ̀ka.
Ó fi etí ìró nu íńkì náà, kò tán.
Ó ti ń lọ kó tó yíjú padà:
"Ẹ dákun, ẹ bá mi kọ nọ́ńbà yẹn sí bébà ọ̀tọ̀,
kí n lè rí nǹkan fi hàn án
kó tó bínú."