Kí Fèyíkẹ́mi Tó Dé

Aago mẹ́ta ku díẹ̀, oòrùn Ifẹ̀ jókòó sórí òkè bí onílé.
Bàbá Ṣọlá ń fi ẹfun fa ìlà pápá,
ìlà náà wọ́ bí ìrìn ọ̀mùtí.
Kò sẹ́ni tó bá a wí.
Ọjọ́ àkọ́kọ́ sáà ni, ta ni nǹkan rẹ̀ tọ́?

Àwa ọmọ Agírìkì jókòó sábẹ́ máńgòrò,
bàtà ròbà oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ àwọn mìíràn.
Àwọn ọmọ Lọ́ọ̀ wọ dúdú, wọ́n wọ funfun, nínú ooru yìí,
àfi bí ẹni pé kóòtù ni bọ́ọ̀lù ti ń wọ àwọ̀n.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin àgbẹ̀, ṣé ẹ rántí gbé ọkọ́ wá?
Ẹ ó fi wú gòólù tí ẹ gbìn lọ́dún tó kọjá tí kò hù."
A ní, "Ẹ̀yin lọ́yà, ẹ mú ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ́wọ́,
torí adájọ́ tó fi fèrè sẹ́nu kì í sún ẹjọ́ síwájú."
Wọ́n ní, "Ajere ni asọ́lé yín!
Omi ò dúró nínú rẹ̀, áḿbọ̀sìbọ́sí bọ́ọ̀lù."

Ọ̀rọ̀ ajere yẹn dùn wá,
torí òótọ́ ni.
Márùn-ún ló wọlé Akínyòsóyè lọ́jọ́ tí sáà parí,
ọ̀kan gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá
bí ewúrẹ́ tó mọ̀nà ilé olówó rẹ̀.
A sáré fèsì: "Iwájú yín náà ńkọ́?
Ó dúró síwájú ilé òfìfo, ó gbá a,
àdán orí igi ọ̀nà ilé ìkàwé ló jí lójú oorun!"

Ẹ̀rín bú. Èmi nìkan ni ẹ̀pà inú bébà ń tutù mọ́ lọ́wọ́.
Mò ń wo gétì.

Fèyíkẹ́mi kò tíì dé.
Fèyíkẹ́mi ọmọ Lọ́ọ̀, alágboòrùn tí irin rẹ̀ kan ti dá,
tó máa ń nà án sí mi láti òdìkejì pápá bí ọ̀pá àṣẹ.
Òun ló sọ mí ní Olóko Àìlérè,
mo sọ ọ́ ní Lọ́yà Aláìníbàárà,
ọdún mẹ́ta rèé, a ò pe orúkọ ara wa rí.

Oṣù méje tí àwọn olùkọ́ fi yanṣẹ́ lódì,
Ìpetumodù ni mo wà,
mò ń ro ẹ̀gẹ́ bàbá mi, mò ń ro yẹ̀yẹ́ tí n ó fi kí i.
Poro kan, àpárá kan.
Mo kó o jọ bí ẹni ń tọ́jú irúgbìn.

Ẹnì kan ní ó ti lọ sí Ìbàdàn. Ẹnì kan ní ibà ni.
Ẹlòmíràn fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo ojú mi, ó pa á mọ́.
Rẹfirí ti ń nu fèrè mọ́ aṣọ.

Ìgbà náà ni mo rí agboòrùn.
Irin tó dá ṣì yọ síta bí ìyẹ́ adìẹ tí òjò pa.
Ó ti rù. Irun orí rẹ̀, ó ti gé e mọ́lẹ̀.
N kò bèèrè.
Mo dìde, mo la ẹnu,
gbogbo irúgbìn oṣù méje, n ò rí ẹyọ kan.
"Lọ́yà Aláìníbàárà," mo ní, "o pẹ́."

Ó wo bàtà ròbà mi títí,
ó wá na agboòrùn:
"Olóko Àìlérè, ta ló ní kẹ́ ẹ dájọ́ sílẹ̀ kí n tó dé?"

Fèrè dún. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́,
ó sáré lọ síbi tí ìlà Bàbá Ṣọlá ti wọ́ jù.
Ó jáde.
Kò jáde.
Èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti wà lórí ìdúró,
ẹ̀pà mi ti dà sílẹ̀.